Ọ̀rọ̀ Tí Pásítọ̀ Kà Lẹ́yìn Orúkọ Rẹ

Samandin, Ouagadougou,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Rẹ̀mílẹ́kún, Àjíkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ, nítorí náà n kò ní béèrè bóyá ara le. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó láti pa fóònù mọ́ bàbá rẹ̀ létí, ara rẹ̀ le nìyẹn. Màmá rẹ ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n má pariwo nínú lẹ́tà yìí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò ṣèlérí.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, n kò sì fẹ́ tún fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọ sọ ọ́. Bí mo bá kọ ọ́ ní Faransé, ńṣe ni wàá máa tún gírámà mi ṣe dípò kí o gbọ́ ohun tí mo ń wí. Yorùbá tí mo fi Bíbélì kọ́ ọ lórí ẹní nínú pálọ̀ yìí, òun la máa lò. Wá ibì kan jókòó sí, kà á dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà kí o wá bá mi jà bó bá ṣì wù ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wúwo jù. Kì í ṣe Ìyá Tóbi, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ, ló ní kí wọ́n pè ọ́ ní "spinster" nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kì í ṣe Tóbi, kì í sì í ṣe pásítọ̀. Èmi ni. Èmi bàbá rẹ, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀.

Akọ̀wé ìjọ ló pè mí wọ bíró rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín wa, ẹ bá wa kọ ìkéde ìgbéyàwó àwọn ọmọ yìí kó dùn ún gbọ́." Orí mi wú. Mo tún jígí ojú mi ṣe. Mo kọ orúkọ Tóbi, mo kọ "bachelor" tẹ̀lé e. Mo kọ orúkọ rẹ, mo kọ "spinster" tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti ń kà á ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kà á fún gbogbo àwọn àǹtí mi nìyẹn, wọ́n sì jó wọlé ọkọ. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ọmọ tí wọ́n bí sí Wága, tó fi Faransé kàwé, kò tíì gbọ́ ọ rí.

Pásítọ̀ wá kà á. Mo rí ọ tí o yọ fóònù, tí o ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ìwé orin. Mo rí bí ojú rẹ ṣe yí padà. Kí ìsìn tó parí, o ti gun moto rẹ, alùpùpù nì, lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, o ti wọ ọkọ̀ ìlú Bobo padà síbi iṣẹ́ rẹ tuntun. Ohun tí mo rí gbà lọ́wọ́ rẹ ni: "Papa, vieille fille! Devant tout le monde!" Àgbàlagbà ọmọge, lójú gbogbo ayé! Ohun tí Tóbi rí gbà ni pé o kò fẹ́ ẹ mọ́, pé ìyá rẹ̀ tó béèrè ọjọ́ orí rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Rood Woko ló rán pásítọ̀ láti dójú tì ọ́.

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìkéde kejì. Pásítọ̀ ní òun kò ní kà á bí o kò bá sí níbẹ̀, nítorí òun kì í fi ipá kéde ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí Tóbi ní àwọn ò lè máa bẹ ọmọ tó bá ní àwọn bú òun. Tóbi fúnra rẹ̀ ń wá síbí ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, á máa wo moto tó ń kọjá, á kí wa pé ó dàárọ̀, á lọ. Nítorí náà, bí o kò bá wá, ìgbéyàwó yìí ti parí, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ kọ pẹ̀lú fáàrí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ìwé kékeré ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ sí ọ. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé o ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, pé kí o padà wálé. Mo gbé ìwé atúmọ̀-èdè ńlá nì, èyí tí o máa ń jókòó lé nígbà tí tábìlì ṣì ga jù ọ́ lọ, mo ní kí n wá ẹ̀rí tí màá fi pa ẹnu rẹ mọ́. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo gbé ìwé kalẹ̀, mo yanu sílẹ̀ bí ọmọdé. Màmá rẹ bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ọ̀rọ̀ ni mo rí. Àjíkẹ́, láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń fi èdè yìí jẹun, n kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣí i kiri, èébú ni mo sì ń wá. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Èkíní. Obìnrin tó ń ran òwú ni "spinster". Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ obìnrin ni òwú ti ń jáde. Aṣọ tí ọba wọ̀, aṣọ tí wọ́n fi sìnkú, aṣọ tí wọ́n ta sórí ọkọ̀ ojú omi kí afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ, obìnrin kan ló jókòó ran òwú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n sì ń kọ tẹ̀lé orúkọ ẹni nínú ìwé: lágbájá alágbẹ̀dẹ, tàmẹ̀dò oníbúrẹ́dì, làkáṣègbè arànwú. Obìnrin tí iṣẹ́ yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dúró de ọkọ kó tó jẹun.

Ṣé o rántí yaaba rẹ, ìyá tó bí màmá rẹ? Ojú ọ̀nà àbáwọlé ló máa ń jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ, eérú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fi ń pa ìka kó má bàa yọ̀. Á na òwú pẹ̀lú ọwọ́ kan, á fi ọwọ́ kejì yí igi ìrànwú nínú igbá kékeré kan. O máa ń fẹ́ gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbá ọ lọ́wọ́, ẹ̀yin méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ahunṣọ máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá ra òwú rẹ̀, nítorí kì í já. Òwú yẹn ló rán màmá rẹ lọ sílé ìwé. Bí wọ́n bá kọ orúkọ yaaba sínú ìwé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ kà lẹ́yìn orúkọ rẹ gan-an ni wọn ì bá kọ lẹ́yìn tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo fò dìde. Mo ní, "Ẹ wá wò ó! Mo kúkú sọ! Ọmọ yìí ló ṣì mí gbọ́!"

Màmá rẹ ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ayé àtijọ́ ni ọmọ náà ti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni, Bàbá Rẹ̀mí, àbí Sọ́ńdè tó kọjá?"

Mo padà jókòó.

Èkejì, nítorí náà, ni pé o jàre. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, o lè fi han ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń fi òwú jẹun nígbà náà, àwọn tí kò tíì lọ́kọ ló pọ̀ jù nínú wọn, ni àwọn akọ̀wé kóòtù bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún gbogbo obìnrin tí kò bá lọ́kọ, ìbáà fọwọ́ kan òwú, ìbáà má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ló ti wọ ìkéde ìgbéyàwó. Ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ti ọmọge. Nígbà tó yá ó di ti ẹni tó dàgbà sílé. Nígbà tó tún yá, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ya obìnrin gbígbẹ kan tí ológbò jókòó sí lẹ́sẹ̀. Fóònù rẹ ò purọ́. Ní ìlú àwọn tó ni èdè náà, wọn ò kọ ọ́ mọ́ nínú ìwé ìgbéyàwó ìjọba. Àwa tí a yá a lọ́wọ́ wọn la ṣì ń kà á pẹ̀lú ohùn tó wúwo.

Wá wo ti Tóbi. Mo kọ "bachelor" sí i lẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀lé jagunjagun àgbà kiri láti kọ́ṣẹ́ ogun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ó di oyè tí wọ́n ń gbà ní yunifásítì. Ó di ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Bí irun ọkùnrin náà tilẹ̀ funfun, wọ́n á ní ayé ló ń jẹ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ayébáyé, orí ìlà kan náà ni wọ́n ń kọ wọ́n sí. Ọ̀kan di oyè, ìkejì di èébú. N kò rí i rí, ọmọ mi. Ìwọ ni o rí i, láàárín ìgbà tí wọ́n fi kọ orin kan.

Mo tún wá èyí tó jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, "housewife", tó túmọ̀ sí ìyálé ilé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ìbàdí rẹ̀. Wọ́n ń sáré pè é, ó ń kúrú, títí ó fi di "hussy", èébú fún obìnrin tí kò níjàánu. Ìyálé ilé! Mo bínú, mo wá wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ọkùnrin kankan jìyà bẹ́ẹ̀. Mo rí wọn, ṣùgbọ́n tálákà ni gbogbo wọn. "Knave" tí wọ́n fi ń pe oníjìbìtì, ọmọkùnrin lásán ni. "Villain" tí wọ́n fi ń pe ìkà èèyàn, àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ olówó ni. Òun náà ni "vilain" tí tíṣà yín fi ń bá yín wí ní maternelle, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, tí wàá délé wá máa pe àga àti adìyẹ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni ò ń pe adìyẹ wa.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i. Kò sí ìwé tí wọ́n ti jókòó pinnu pé kí wọ́n sọ àgbẹ̀ di ìkà. Ẹnu àwọn tó jẹun yó ló ń pè é lójoojúmọ́, tí wọ́n ń yínmú sí i, títí yínmú náà fi wọnú ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí o bá dé ilé rẹ, tí Ọlọ́run bá fi ẹni tí yóò máa ràn ọ́ lọ́wọ́ sílé jíǹkí rẹ, má pè é ní "la bonne" bí gbogbo yín ṣe ń pè wọ́n ní ìlú yìí. Ẹni dáadáa ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí ní Faransé tẹ́lẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹ ti gbé e dé. Béèrè orúkọ rẹ̀, kí o máa fi pè é.

Ẹ̀kẹta rèé, kí o má bàa rò pé ìwọ nìkan ló máa ń sáré bínú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Wága, n kò gbọ́ Mooré, èdè àwọn Mossi, rárá. Mo gba yàrá kan ní àgbàlá kan lẹ́yìn ọjà Sankaryaré. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé, ìyá onílé á kígbe, "Saana! Saana!" àwọn ọmọ á sì máa sá kiri. Mo bi ọmọ Nàìjíríà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ pé kí ni saana. Ó ní, "Étranger ni, àjèjì." Háà! Inú bí mi. Ṣé èmi tí mo ń san owó ilé mi ni wọ́n ń fi ìlú mi bú? Nígbà tí ìyá náà gbé omi wá fún mi nínú igbá, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tún gbé e wá lọ́jọ́ kejì, mo tún kọ̀. Ó wá rán ọmọbìnrin tó ń gbé ní ilé kejì, tó gbọ́ Faransé díẹ̀, pé kó bi mí bóyá omi àwọn ń rùn.

Ọmọbìnrin náà ló là mí lójú pé ọ̀rọ̀ kan náà ni saana tí wọ́n ń lò fún àjèjì àti fún àlejò. Ńṣe ni ìyá náà ń pariwo pé àlejò ti dé, ẹ gbé omi wá. Kò yé mi bí mo ṣe gọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èmi tí mo fi Yorùbá dàgbà, tó jẹ́ pé ẹni tí a kò mọ̀ rí ni àwa náà ń pè ní àlejò, tí a sì ń gbé omi fún un. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà nínú eruku. Ó yà á lẹ́nu, ó ń dúpẹ́ pé "barka, barka," ó rò pé ara ń ro mí ni. Ọmọbìnrin tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń ṣa ìrẹsì nínú ilé yìí lónìí, o mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n ni pé kí n máa béèrè kí n tó bínú. Bí mo bá sì béèrè, n kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti ìbínú mi. Fóònù rẹ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọ, d'accord, mo gbà, ṣùgbọ́n fóònù kò mọ ẹni tó kọ ọ́.

N kò mọ iye ẹ̀kọ́ tó kù mọ́, nítorí náà màá kàn máa sọ ọ́ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni nì, ọmọ ìran Samo, tó ń tún moto ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, o mọ ohun tó máa ń ké sí màmá rẹ láàárọ̀ kùtù: "Mon esclave! Ẹrú mi! Ṣé o ti jí?" Màmá rẹ tó jẹ́ Mossi á dá a lóhùn láti orí ògiri pé ẹrú òun ni, pé bàbá bàbá òun ló rà á, ọjà ọ̀hún ò sì dára. Inú eré yẹn lo dàgbà sí, o mọ̀ pé àwọn baba ńlá Mossi àti Samo ló fi lélẹ̀ pé kí wọ́n máa bú ara wọn láìbínú. Èmi kò mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ti ń wá igi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn gbé màmá rẹ ṣánlẹ̀ ní ọjọ́sí, ta ló gbé e sórí moto lọ sí ọsibítù? Ọkùnrin yìí ni. Ó ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ẹrú òun ni, kò gbọdọ̀ kú, oko òun ò tíì parí. Omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lánàá ni mo wá ṣí ìwé sí ọ̀rọ̀ náà, "slave". Àjíkẹ́, orúkọ ìran kan ni. Àwọn èèyàn tí wọ́n ń pè ní Slav ni, aláwọ̀ funfun pàápàá, ní ìlà oòrùn Yúróòpù. Wọ́n kó wọn lẹ́rú tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n di orúkọ ẹrú, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Faransé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orúkọ yẹn sọdá òkun, wọ́n fi de àwọn ìran mìíràn, títí kan tiwa. Mo ti oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ronú gbogbo omijé tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, mo tún ronú pé òun náà ni ẹni yìí ń jù kọjá ògiri wa láàárọ̀, tí màmá rẹ á sì rẹ́rìn-ín. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ sí irú èyí? Mo kàn ń mi orí ni. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ ní ohunkóhun nílé ọkọ, kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe fún ọ.

Ìwọ náà ńkọ́? O pe Tóbi ní "crétin", ìyẹn òpònú. Ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ojú ń tì í. Ṣé o mọ ohun tí o pè é? Kìrìsìtẹ́nì ni. Mo búra fún ọ. Àwọn tó mọ ìtàn ọ̀rọ̀ sọ pé ní orí àwọn òkè kan ní apá ilẹ̀ Faransé àti Switzerland, àìsàn kan wà tó máa ń mú ọrùn wú tó sì máa ń fa ọpọlọ sẹ́yìn. Àwọn ará ibẹ̀ wá ń pe ẹni tó bá ní in ní Kìrìsìtẹ́nì, ní ohùn àdúgbò wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé pé èèyàn bíi tàwọn ni, ẹni tí Ọlọ́run dá. Àánú ni wọ́n fi sọ ọ́. Àánú náà ló di èébú yìí, nínú Faransé tìrẹ àti nínú Gẹ̀ẹ́sì tèmi. Tóbi tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tó sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láìlè sọ̀rọ̀, o pè é ní ọmọ Ọlọ́run nígbà tí o fẹ́ bú u. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò tíì yé e ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Wọn kì í sì í fìgbà gbogbo bàjẹ́. "Silly" tí mo fi ń pe àwọn ọmọ kíláàsì mi, alábùkún-fún ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó wá di ẹni àánú, ó di òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n "nice" tí wọ́n fi ń yìn ọ́ níbi iṣẹ́, òpè ni wọ́n ń fi pe èèyàn tẹ́lẹ̀, ẹnu ló gbé e dìde títí ó fi dára. Ẹnìkan tí o mọ̀ sì ti gbé ọ̀rọ̀ tìrẹ dìde bẹ́ẹ̀ rí, láìmọ̀. Ìyẹn ló mú kí lẹ́tà yìí gùn.

Ìyá Tóbi wá síbí lánàá. Moto rẹ̀ ló gùn láti Rood Woko, ó di aṣọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kọ̀ láti jókòó.

"Bàbá Rẹ̀mí, kí ni mo fi ọmọ yín ṣe? Mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, òótọ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló ṣáájú tàbí ẹ̀gbọ́n Tóbi, kí n lè mọ ẹni tí yóò máa pe ẹnìkejì ní àǹtí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ wo tiẹ̀ ni wọ́n ní mo sọ?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ìtumọ̀ tó wà lórí fóònù rẹ, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ó wá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Tíṣà, ẹ dúró ná. Oyè kọ́ ni?"

Mo ní oyè kẹ̀?

Ó ní nígbà tí wọ́n ń kéde òun ní Òṣogbo, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ télọ̀ ni. Wọ́n pe orúkọ òun, wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí kún un, òun sì rò pé oyè tí ìjọ fi ń dá ọmọbìnrin tó fara balẹ̀ lọ́lá ni. Inú òun dùn ju ti ẹni tó ń lọ sílé ọkọ lọ. Òun pe akunbóòdù, òun ní kó kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù: SISTER DÚPẸ́, SPINSTER. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí òun lóyún. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí òun ń fún Tóbi lọ́mú lábẹ́ rẹ̀.

"Àwọn tó kàwé máa ń kọjá, wọ́n á wo bóòdù, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo máa ń juwọ́ sí wọn."

Màmá rẹ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà tẹ̀lé e, Ìyá Tóbi fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú gèlè náà nílẹ̀. Ó ní, "Àṣé wọ́n ń fi mí ṣẹlẹ́yà látọjọ́ yẹn." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, ó dùn mí dé eegun. Mo sáré gbé ìwé ńlá náà, mo kà á fún un: pé obìnrin tó ń fi òwú ṣiṣẹ́ ni, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, kí àwọn èèyàn tó bà á jẹ́.

Ó wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Nígbà náà bóòdù mi ò purọ́ o. Òwú ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni kò mọ̀ ọ́n kà."

Rẹ̀mí, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú yìí, n kò tíì rí ẹni tó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe lójú mi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó ń dìde, ó ní kí n má bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Obìnrin tó mọ ohun tí wọ́n pe òun, tó sì bínú, ó sàn ju èmi tí mo ń juwọ́ lọ. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ nínú ilé mi." Bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo kọ yìí.

Ó ku ohun kan. Ní àárọ̀ yìí, mo lọ bá pásítọ̀, mo gba ìwé ìkéde náà, mo sì pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ó bi mí pé kí ni kí òun wá fi rọ́pò rẹ̀. Mo ní kò sí. Kálàmù wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ sì kún orí mi, èmi tíṣà, ṣùgbọ́n mo dá kálàmù padà sórí tábìlì rẹ̀.

Bó ṣe máa rí lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìyí. Pásítọ̀ yóò dúró de ọ dé òpin ìsìn. Bí ó bá rí ọ, yóò pe orúkọ Tóbi, yóò sọ ohun tí wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà yóò pe orúkọ rẹ, yóò sì dákẹ́. Kò ní fi nǹkan kan kún un. Ìwọ ni wàá dìde láàárín wa, wàá sọ ohun tí o jẹ́, ní Yorùbá, ní Mooré, ní Faransé, ní èyíkéyìí tó bá wù ọ́. Ohunkóhun tí o bá sì sọ, n kò ní tún un ṣe.

Èmi ni, bàbá rẹ, tó kọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé orúkọ rẹ láìbi ọ́.